Kọ̀ǹpútà Tí Kì Í Sùn Lójú Màmá

"Ta ló sọ fún un pé kó má sùn?"

Màmá Tinú ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó dúró láàárín pálọ̀ pẹ̀lú ìborùn funfun léjìká, ó ń wo ojú àwọn méjì tó wà níwájú rẹ̀ bí olùkọ́ tó ń wá ẹni tó da yíǹkì sílẹ̀ ní kíláàsì. Tinúadé ọmọ rẹ̀ ń wo èékánná ara rẹ̀. Lóṣèyí, ayálégbé tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ń wo àjà. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n torí rẹ̀ pe ìpàdé jókòó sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ojú rẹ̀ ń tàn yòò, fáànù inú rẹ̀ sì ń hó bí ìkòkò ẹ̀wà.

Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní kékeré. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí kọ̀ǹpútà yìí ti ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí ènìyàn bá ní kó ṣí nǹkan, onítọ̀hún lè lọ fọ abọ́ kó tó ṣí i. Orin tí wọ́n bá fi sílẹ̀ ní ojú ewé kan, wọ́n á padà wá bá a ní ojú ewé mìíràn. Ṣùgbọ́n èyí tó mú kí Màmá yarí ni pé ẹ̀rọ náà kò gbà kí wọ́n pa òun mọ́. Bí wọ́n bá ní kó lọ sùn, á béèrè pé ṣé òótọ́ ni. Kí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ tó dáhùn, á ti dá ara rẹ̀ lóhùn pé rárá, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Bí wọ́n bá fi ìbínú fa wáyà rẹ̀ tu lára ògiri, lọ́jọ́ kejì á ní òun ń yẹ ara òun wò, á sì máa yẹ ara rẹ̀ wò títí oòrùn á fi kanrí.

Ẹlòmíràn ì bá fi ẹ̀rín bò ó. Màmá Tinú kì í ṣe ẹlòmíràn. Ọmọ Èkìtì ni, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, òun sì ni ìyá ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà tó kẹ́yìn sí ilé wọn ní Ifákò. Inú kọ̀ǹpútà náà ni gbogbo orin ìkórè ọdún yìí wà. Kò sì sí ohun kan nínú ilé yẹn tí kò tíì gba àdúrà: firíìjì gba òróró, ìnfátà gba omi mímọ́, ọjọ́ tí wọ́n sì gbé kọ̀ǹpútà dé láti Ìkẹjà, wòlíì fúnra rẹ̀ ló wá gbọ́wọ́ lé e lórí, ó ní kò ní kú láìtọ́jọ́.

"Àdúrà yẹn náà ló gbà," ni Tinúadé rọra sọ.

"Kí lo wí?"

"Mo ní a ò ní yé gbàdúrà sí i, mà."

Màmá yíjú sí ayálégbé rẹ̀. "Ṣèyí." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ìyẹn sì burú ju ariwo lọ. "Kí o tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi, ṣé ó ń sùn àbí kì í sùn?"

"Ó ń sùn, mà."

"Lẹ́yìn tí o fọwọ́ kàn án ńkọ́?"

"Màmá, ayò lásán ni mo fi sínú rẹ̀. Ayò ò lè..."

"Ayò! Nínú ẹ̀rọ orin mímọ́! Ta ló ń bá ẹ ta á?"

Lóṣèyí wo Tinúadé. Tinúadé bọ́ sórí èékánná ọwọ́ kejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ta Lóṣèyí lára gan-an nìyí. Láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì ní Ọgbà ló máa ń wà, níbi tó ti ń yẹ bisikíìtì wò bóyá ó gbẹ tó. Òórùn ṣúgà kì í sì í kúrò lára ẹ̀wù rẹ̀. Sátidé nìkan ló ń ráyè. Sátidé nìkan náà ni Tinúadé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò, máa ń sinmi. Lóṣèyí ló ní òun fẹ́ kọ́ ọmọbìnrin náà ní ayò. Láti ọjọ́ kìíní ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń na olùkọ́, síbẹ̀ olùkọ́ kò dáwọ́ ẹ̀kọ́ dúró. Ọkùnrin tí wọ́n ń nà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó sì ń fẹ̀rín padà wá, kì í ṣe ayò ló bá wá. Gbogbo ilé ló mọ̀, àfi bóyá Màmá. Tàbí kó jẹ́ pé Màmá gan-an ló kọ́kọ́ mọ̀.

"Ó dáa," ni Màmá wí. "Kí agogo ìsìn ìrọ̀lẹ́ tó lù lónìí, mo fẹ́ kí ẹ̀rọ yìí sùn lójú mi. Mo ní lójú mi o. Bí kò bá sùn, ayò ń jáde, ìwọ náà ń jáde. Ojú fèrèsé ẹ̀yìn ni wàá ti máa kí mi láàárọ̀. Mi ò fẹ́ rí ẹsẹ̀ ẹ ní pálọ̀ mi mọ́."

"Ẹ̀ẹ́, Mọ́mì! Ta ló máa wá máa ràn mí lọ́wọ́ níbi ìṣirò?"

"Ìwọ tí ìjọba ń sanwó fún pé kí o máa kọ́ ẹlòmíràn?"

Tinúadé padà sórí èékánná rẹ̀.

Ní ti Lóṣèyí, ẹni tó bá pa àlọ́ fún un ti gbé oúnjẹ fún un. Nígbà tó wà ní yunifásítì, agádágodo kan tí kò ṣí mọ́ lè mú un gbàgbé pé òun kò tíì jẹun láti àárọ̀. Á tú u, á tò ó, á tún tú u. Ṣùgbọ́n àlọ́ tòní ní ìyà nínú. Bí kò bá já a kí agogo tó lù, ojú fèrèsé ni yóò ti máa wo Tinúadé bí ẹni ń wo ẹran lọ́wọ́ alápatà.

Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè. Ó kọ́kọ́ wá fáírọ́ọ̀sì, kò rí ọ̀kan. Ó wo àwọn ètò aláìníṣẹ́ tó máa ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ láàárọ̀, ó ní kí wọ́n padà lọ sùn. Ó tú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku jáde. Aáyán kan tẹ̀lé eruku jáde, ó wo gbogbo wọn lójú, ó sì rọra rìn lọ bí onílé tí àlejò yọ lẹ́nu. Níkẹyìn, ó yọ ayò náà fúnra rẹ̀, bí ẹni ń yọ eyín láìsí oògùn. Orin nìkan ni kò fọwọ́ kàn, nítorí Màmá ti sọ fún un pé bí orin ìkórè kan bá sọnù, àti orin àti Lóṣèyí ni wọ́n á jọ máa wá.

Ara ẹ̀rọ yá díẹ̀. Lóṣèyí ní kó lọ sùn. Màmá pa ojú dé níbi tó jókòó sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdúrà tì í lẹ́yìn. Ẹ̀rọ béèrè pé ṣé òótọ́ ni. Ẹ̀rọ dá ara rẹ̀ lóhùn pé rárá.

"Ṣé o rí i?" ni Màmá wí. "Ayò náà ti ràn án."

"Màmá, mo ti yọ ọ́ kúrò."

"Bí wọ́n bá lé ọmọ burúkú jáde nílé, ṣé ohun tó ti kọ́ àwọn yòókù máa ń bá a lọ ni?"

Òórùn ẹ̀wà tó fẹ́ jóná wọlé láti ilé ìdáná, Màmá sì sáré jáde. Bó ṣe kọjá sẹ́yìn aṣọ ìkélé ni Lóṣèyí tún ní kí ẹ̀rọ lọ sùn. Ẹ̀rọ béèrè pé ṣé òótọ́ ni, ó sì dúró de ìdáhùn bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Lóṣèyí dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Fáànù rọlẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣú. Pálọ̀ dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá lójú títì.

"Màmá! Ó ti sùn o!"

"Lójú mi ni mo wí." Màmá ti dé, ṣíbí ẹ̀wà lọ́wọ́. "Jí i, kí o tún mú un sùn kí n rí i."

Ó jí i. Màmá gbé ṣíbí sílẹ̀, ó fa ìborùn bo orí, ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ, ó pa ojú dé. "Jésù! Jésù! Jésù!" Ẹ̀rọ béèrè. Ẹ̀rọ dáhùn. Rárá.

Àfi bíi pé ẹnì kan ń fi wọ́n ṣeré. Kò pẹ́ tí Àlájà Simbiat, aládùúgbò wọn, fi pariwo láti òdìkejì ọgbà: "Màmá Tinú! Ṣé ẹ̀rọ yín ti gbà kó sùn? Iná ojú fèrèsé yín yẹn, adìẹ mi ò mọ ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú mọ́ o! Lánàá wọ́n kọ̀, wọn ò wọlé!"

"Ẹ bá wa bẹ Ọlọ́run, Àlájà!" Màmá jáde lọ bá a lẹ́bàá ọgbà, kó lè ṣàlàyé dáadáa. Bó ṣe jáde, ẹ̀rọ sùn. Bó ṣe wọlé tó tún gbé àdúrà kalẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀.

"Ẹ̀rù Mọ́mì ló ń bà á," ni Tinúadé sọ sí Lóṣèyí létí. "Ọmọ ilé ìwé wo ló jẹ́ sùn nígbà tí ọ̀gá àgbà bá wà ní kíláàsì?"

"Tinú, má pa mí lẹ́rìn-ín jọ̀ọ́. Inú wàhálà ni mo wà."

"Mo mọ̀. Mo ti ń ro bí orí ẹ á ṣe rí lójú fèrèsé. Irun yẹn ò ní gba ibẹ̀ o."

Lóṣèyí kò rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà ti bọ́ síbi tí èrò tirẹ̀ wà. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn. Ohun kan wà lára Màmá. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni yóò fi sọ ọ́? Bí òjò bá ń pa ayálégbé lórí ibùsùn, òrùlé ni yóò fẹjọ́ rẹ̀ sùn, kì í ṣe onílé. Nítorí náà, ó gbé àlùmọ̀kọ́rọ́yí jáde.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, atẹ́gùn pọ̀ lápá ibẹ̀ yẹn. Ẹ ò ṣe bọ́ sórí àga yẹn?"

Màmá bọ́ síbẹ̀, ó gbàdúrà. Rárá. Àga kọ́ nìyẹn.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí Tinú bá yín ki fóònù yín bọ iná ní yàrá. Ó dà bíi pé iná inú rẹ̀ ti fẹ́ tán."

Fóònù lọ. Màmá gbàdúrà. Rárá. Fóònù kọ́.

Ó ní aago ọwọ́ Màmá ń kọ mànà sí òun lójú, òun kò rí ojú ẹ̀rọ dáadáa. Màmá bọ́ aago. Rárá. Ó wo ilẹ̀, ó ní kápẹ́ẹ̀tì yìí àti bàtà onírọ́bà kì í bára wọn rẹ́ nítòsí ẹ̀rọ. Ọwọ́ Màmá ti dé ẹsẹ̀ kó tó gbórí sókè.

"Ọmọ yìí, ṣé kọ̀ǹpútà lo ń tún ṣe ni, àbí o fẹ́ ṣe ìrìbọmi fún mi?"

Tinúadé sáré wọ yàrá. Láti ibẹ̀, wọ́n gbọ́ ohun kan bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ìrọ̀rí di ẹnu ara rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ó kù... ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín yẹn."

"Èyí?" Màmá ká ọwọ́ mọ́ ọn. "Èyí ò kàn ọ́. Òǹkà àdúrà mi ni. Ṣé Àlájà Simbiat nìkan ló yẹ kó ní tirẹ̀ ni? Ọlọ́run tó pèsè fún un ti pèsè fún èmi náà."

Lóṣèyí mi orí. Láti Ifákò títí dé Agége, kò sí ẹni tí kò mọ òǹkà àdúrà. Àwọn Àlájà máa ń fi há ìka níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹnu wọn ti ń mì. Kí ìyá aládùúrà náà ní tirẹ̀ kò lòdì sí òfin kankan.

"Ṣùgbọ́n Mọ́mì," Tinúadé ti padà dé ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ṣì tutù fún ẹ̀rín, "ti Àlájà máa ń fi nọ́ńbà hàn. Tiyín ò fi nǹkan kan hàn."

"Ẹni tí mo ń kà á fún mọ iye rẹ̀."

Ta ni yóò bá irú ọ̀rọ̀ yẹn jiyàn? Tinúadé ní àmín. Lóṣèyí náà ní àmín.

Oòrùn ti ń rẹ̀. Àwọn aláṣọ funfun àkọ́kọ́ ti ń kọjá lójú fèrèsé, wọ́n ń lọ sí ìsìn, ẹsẹ̀ wọn lásán lórí ilẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n ti tán lórí, ó ku ikùn. Lóṣèyí dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó wọ́ wọ abẹ́ tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tọ ipa òkété. Eléyìí ti iná. Eléyìí ti máòsì. Eléyìí ti kíbọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà, ó gbé ojú sókè sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó sì rí ohun kan tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, tí wọ́n kì bọ inú ihò kan, tí kò ní wáyà kankan.

"Màmá, ta ló ki nǹkan kékeré yìí síbí?"

"Má fọwọ́ kan ìyẹn!" Màmá fò dìde. "Démiládé ló kì í síbẹ̀ lọ́jọ́ tó wá to orin. Ó ní ìyẹn ló máa jẹ́ kí orin ṣí lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè. Bí o bá yọ ọ́, ìwọ ni wàá dúró síwájú ìjọ kí o máa pe orin."

Lóṣèyí dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń rò ó. Máòsì ní wáyà tirẹ̀, kíbọ́ọ̀dù ní tirẹ̀. Etí ni nǹkan yìí, etí tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti òkèèrè. Etí sì kì í gbọ́ ohun tí ẹnu kò sọ. Níbo wá ni ẹnu yẹn wà?

"Tinú, bá mi pe Démiládé."

Démiládé ni ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń gbé ọ̀rọ̀ orin sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì kí gbogbo ìjọ lè rí i kọ. Tinúadé pè é, ó fi ohùn rẹ̀ síta, ó gbé fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Lóṣèyí.

"Ha, Bọ̀dá Ṣèyí," ni Démiládé wí nígbà tó gbọ́ ìbéèrè, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́ o."

Màmá sún mọ́ fóònù.

"Èkejì rẹ̀ ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tí mo máa ń mú dání lẹ́yìn ìjọ ni, tí mo fi ń ṣí ojú ewé orin. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí mi ò lè jẹun dáadáa. Mo ti tú abẹ́ ibùsùn, mo ti lọ bá oníkẹ̀kẹ́ tó gbé mi dé ilé yín títí dé Dòpémú. Bọ́tìnì rẹ̀ ló ń ṣí ewé; bí ẹ̀rọ bá sì béèrè nǹkan, òun náà ló ń sọ fún un pé kó dúró, kó má lọ. Ibi yòówù kó wà, bí nǹkan bá ń tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà Màmá ò lè..."

"Démiládé!"

"Yéè."

"O sọ ohun èlò ilé Ọlọ́run nù, o wá ń bá mi ṣe bojúbojú?"

"Màmá, ẹ dárí jì mí, ẹ jọ̀ọ́! Kékeré ni, dúdú ni, ó fara jọ..."

"Má sọ ohun tó fara jọ fún mi. Ọ̀rọ̀ àdúrà nìyí. Ẹ kúnlẹ̀, gbogbo yín. Démiládé, ìwọ náà kúnlẹ̀ níbi tí o wà."

Tinúadé kúnlẹ̀. Wọ́n gbọ́ tí nǹkan dún gbì nínú fóònù. Lóṣèyí, tó ti dọ̀bálẹ̀ lábẹ́ tábìlì tẹ́lẹ̀, rò pé tòun ti kọjá ìkúnlẹ̀. Màmá fa ìborùn bo orí, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè lórí wọn, ó pa ojú dé pinpin.

"Ìwọ ohun tó sọnù, ibi yòówù tí o fara pamọ́ sí, mo ní kí o fara hàn! Jésù!"

Tẹ́.

Lójú kọ̀ǹpútà, orin kìíní ìkórè lọ, ìkejì dé.

"Jésù!"

Tẹ́. Ìkejì lọ, ìkẹta dé.

"Jésù!"

"Màmá," ni ohùn Démiládé wí láti ilẹ̀, "ẹ má bínú o, kí ló ń dún tẹ́, tẹ́, lọ́dọ̀ yín yẹn?"

Lóṣèyí yọ orí lábẹ́ tábìlì bí alábahun. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ọwọ́ tó wà lókè orí rẹ̀. Ó ya ẹnu, ó rántí ilé tó ń gbé, ó pa á dé. Tinúadé ti ki etí gèlè rẹ̀ bọ ẹnu.

Màmá la ojú kan. Ó wo ọ̀kan nínú wọn, ó wo èkejì, ó tẹ̀lé ojú wọn dé ọwọ́ ara rẹ̀. Ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ohun dúdú náà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wo iṣu lórí iná bóyá ó ti jinná: ojú ewé kan ṣí. Ó tún tẹ̀ ẹ́: òmíràn ṣí. Níta, agogo ìsìn ìrọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lù.

"Ṣèyí," ni Màmá wí níkẹyìn, "kí lo ń wá nílẹ̀? Dìde, kí o dá ayò ọmọ mi padà síbẹ̀ kí n tó ti ìsìn dé."

Lẹ́yìn náà, ó na ohun dúdú kékeré náà sókè kí gbogbo wọn lè rí i, títí kan Démiládé tó wà lórí eékún nínú fóònù.

"Ẹ ò wá rí i bí àdúrà ti ń gbà? Mo ní kó fara hàn, ó sì fara hàn."